Àjà Ìyá Àgbà Dé Peckham

Tí oòrùn ọ̀sán bá kan àtàrí ganrínganrín ní Ìsẹ́yìn, ibì kan ṣoṣo ni àwa ọmọdé máa ń sá lọ: yàrá ìyá wa àgbà. Ilé alámọ̀ ni. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọ ọdún márùn-ún lè jókòó sójú fèrèsé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ síta. Ìta á máa gbóná bí ààrò, inú yàrá á tutù bí ìdí àmù. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí láàárín wa. Ibi tí a ó sùn sí là ń wá.

Òkè yàrá náà ni àjà wà. Wọ́n to igi láti ògiri dé ògiri, wọ́n tẹ́ ọpá lé igi, wọ́n wá rọ amọ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ń kó àgbàdo sí, àti ẹ̀gúsí, àti ìkòkò tí wọn kò fẹ́ kí ọwọ́ wa tó. Láyé tí koríko ni wọ́n fi ń bo ilé, bí iná bá ran òrùlé, amọ̀ àjà ni kì í jẹ́ kó tètè já lu ẹni tó sùn. Iṣẹ́ kẹta tí àjà ń ṣe ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa: òun ni kì í jẹ́ kí ooru òrùlé sọ̀kalẹ̀ wá bá wa.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tí owó rọ̀ fún kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìí. Ó fi páànù bò ó, kò sì rántí àjà. Gbogbo àdúgbò wá bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán, onílé tuntun á ká ẹní rẹ̀, á wá sùn sí yàrá ìyá rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní òru oṣù kìíní kan, mo rántí àjà yẹn ní Peckham, ìhà gúúsù London, níbi tí wọ́n ti ń ná ata àti ẹja kíká lédè Yorùbá bí ẹni pé ọjà Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ni. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo dé sí, ọ̀kan nínú àwọn ilé bíríkì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ láti orí òpópónà dé ìdí rẹ̀. Bọ́ílà, ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú omi gbóná, ń ṣiṣẹ́. Rédíétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á. (Rédíétọ̀ mọ́tò là ń mọ̀ nílé. Irin pẹlẹbẹ tí omi gbígbóná ń sáré káàkiri inú rẹ̀ ni tiwọn. Ti mọ́tò ń da ooru nù, tiwọn ń tú u sínú yàrá.) Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀ sùn, mo sì da kóòtù bo orí kúbùsù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti ń ṣàn lójú gíláàsì fèrèsé, ó ti rin aṣọ títa. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú gèlè jáde, mo sì rí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀: ó ti bu dúdú, bíi búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá.

“Àbúrò mi,” wọ́n ní, “má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo Peckham ni mò ń dáná yá.”

Ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí òótọ́. Nínú ilé tí kò ní aṣọ kankan lára, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ooru ló ń gba òrùlé lọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń gba ara ògiri lọ, ìyókù ń gba fèrèsé, ilẹ̀ àti gbogbo ihò tí ojú kò rí. Bọ́ílà ń rọ ooru sínú ajere.

Mo pè é ní aṣọ. Insulation ni àwọn kọ́lékọ́lé ibẹ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣọ òfì gan-an ló ń ṣe. Òfì kì í mú ooru wá láti ibì kankan. Ooru ara ẹni tó da á bora ló ń dá dúró, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú ló sì fi ń dá a dúró. Kò mọ ojú òtútù yàtọ̀ sí ojú ooru. Ẹ wo kúlà òde ìnáwó: èyí tí wọ́n fi gbé ìrẹsì gbígbóná wá lọ́sẹ̀ yìí ni wọn á fọ̀, tí wọn á kó yìnyín àti mínírà sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí àjà ìyá àgbà fi lé oòrùn sẹ́yìn, òun náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá láti fi dá ooru dúró sílé.

Kí ló wá dé tí àwọn òyìnbó, tí wọ́n mọ òtútù láti ìgbà ìwáṣẹ̀, fi kọ́ ilé tí kò lè di ooru mú?

Èédú ni ìdáhùn. Nǹkan bí ilé kan nínú márùn-ún ní England ló ti wà ṣáájú 1919, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti ayé Ọbabìnrin Victoria, tó jọba láti 1837 sí 1901. Nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ibi ìdáná tirẹ̀, pẹ̀lú ihò èéfín tó gba inú ògiri lọ sókè òrùlé. Iná èédú ń fa afẹ́fẹ́ gidigidi. Bó ti ń fà á lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ló ń fa èéfín àti ọ̀rinrin inú ilé lọ pẹ̀lú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tuntun á sì máa yọ́ wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn àti etí fèrèsé. Àwọn ihò yẹn kì í ṣe àbùkù nígbà náà. Imú ilé ni wọ́n. Ẹni tó bá jókòó ti iná á gbóná níwájú, á tutù lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ògiri ilé rẹ̀ á gbẹ táútáú.

Ní oṣù Kejìlá 1952, kùrukùru pò mọ́ èéfín èédú lórí London, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìjọba ṣòfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Láàárín 1967 sí 1977, wọ́n lọ láti ilé dé ilé láti yí sítóòfù àti bọ́ílà padà sí gáàsì tí wọ́n ń wà jáde láti abẹ́ òkun. Bí ọdún ti ń lọ, wọ́n pa iná èédú, wọ́n fi pákó dí ibi ìdáná, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú rẹ̀. Imú ilé dí. Ọ̀rinrin ọbẹ̀, omi ìwẹ̀, aṣọ tí wọ́n sá sórí rédíétọ̀ àti èémí èèyàn márùn-ún kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ara ògiri tó tutù jù ni wọ́n lọ ń di omi sí, bí omi ṣe ń yọ lára ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú yìnyín. Omi yẹn ló ń sọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù di dúdú.

Àwọn àgbà nílé mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìdáná tí iná kì í kú níbẹ̀, èéfín ló ń lé kòkòrò kúrò lára igi òrùlé rẹ̀. Tí wọ́n bá kó ààrò lọ sẹ́yìnkùlé kí ilé lè mọ́, kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi. A mú ohun kan kúrò, a kò mọ̀ pé ó ń ṣe iṣẹ́ méjì.

Fún ìgbà pípẹ́, gáàsì kò wọ́n, àìsàn ilé kò sì hàn. Ní oṣù Kẹwàá 2021, iye tí àjọ Ofgem fi ṣe òdiwọ̀n owó iná àti gáàsì fún ilé tó ń lò ó níwọ̀nba jẹ́ £1,277 lọ́dún. Russia gbógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì 2022, gáàsì sì túbọ̀ wọ́n sí i. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó ti di £2,500, ìyẹn lẹ́yìn tí ìjọba ti bá àwọn ará ìlú gbé lára ẹrù náà; £3,549 ni ì bá jẹ́. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ wọn tó gbà pé ilé ló yẹ kí àwọn tún ṣe.

Fèrèsé ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Gíláàsì onípele méjì, tí afẹ́fẹ́ há sí láàárín rẹ̀, dára, ó sì ń dín ariwo bọ́ọ̀sì kù. Ṣùgbọ́n ìdí tí gbogbo àdúgbò fi ń sáré ṣe fèrèsé ni pé ojú ìta ló wà, aládùúgbò á rí i. Géètì ńlá níwájú ilé tó ń jò ni. Ọ̀gá kọ́lékọ́lé tí wọ́n pè, ọmọ Poland, kò tilẹ̀ wo fèrèsé. Àkàsọ̀ ló bèèrè.

A gun òkè lọ, a ṣí pákó kan, mo sì rí ara mi nínú àjà. Igi tó tò láti ògiri dé ògiri, bí ti Ìsẹ́yìn gẹ́lẹ́! Àárín àwọn igi náà ni wọ́n tẹ́ òwú tí wọ́n fi gíláàsì rọ sí, òwú àtijọ́ tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí òwú yìí ni ẹ̀gbọ́n mi to àpótí ìró àti gèlè gbogbo aṣọ ẹbí tí wọ́n ti dá láti ogún ọdún, pẹ̀lú báàgì Ghana-Must-Go mẹ́ta. Kọ́lékọ́lé náà tẹ rúlà bọ inú rẹ̀. Kò tó sẹ̀ntímítà márùn-ún. Sẹ̀ntímítà 27 ni wọ́n ń gbani nímọ̀ràn báyìí. Ó ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ inú òwú ni òògùn rẹ̀, tí ẹrù bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, agbára rẹ̀ ti lọ. Wọ́n tẹ́ ìpele kan sáàárín igi, wọ́n tẹ́ ìkejì dábùú lé e lórí, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ létí òrùlé kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí igi. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Nínú gbogbo iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe sí ilé yẹn, kò sí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó o, kò sì sí èyí tí ìmọ̀lára rẹ̀ yá tó o.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n wá ihò. Abẹ́ ilẹ̀kùn, ihò tí wọ́n ń gbà ju lẹ́tà wọlé, àárín pákó ilẹ̀, ihò èéfín tí wọn kò lò mọ́. Nǹkan kékeré ni gbogbo rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ló wà níbẹ̀: lára ògiri, nítòsí ilẹ̀ níta, bíríkì oníhò wà, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí abẹ́ pákó. Ẹni tó bá dí i nítorí òtútù, igi abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ á jẹrà.

Ògiri ni mo fẹ́ dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni owó ńlá ń lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ba ilé jẹ́.

Kí a kọ́kọ́ mọ irú ògiri tó jẹ́. Kò gba ẹ̀rọ. Ẹ dúró níta, ẹ wo ojú bíríkì. Tí ẹ bá rí gígùn, kúkúrú, gígùn, kúkúrú, ẹ mọ̀ pé wọ́n gbé àwọn kan dábùú láti so iwájú ògiri mọ́ ẹ̀yìn. Ògiri kan ṣoṣo nìyẹn, ínǹṣì 9 ní ìnípọn, kò sí nǹkan kan láàárín. Tó bá jẹ́ gígùn nìkan ni gbogbo rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ògiri méjì tó fẹ̀yìn kọ ara wọn, tí àlàfo wà láàárín, irú èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Aláàlàfo kò ní wàhálà púpọ̀: wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́, wọ́n á fẹ́ òwú sínú rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò ní àlàfo.

Irú ògiri bẹ́ẹ̀, ìta tàbí inú ni wọ́n lè gbà wọ̀ ọ́ láṣọ. Tó bá jẹ́ ìta, wọ́n á lẹ pátákó aṣọ mọ́ gbogbo ara rẹ̀, wọ́n á wá rẹ́ ẹ. Ilé fẹ́ràn èyí jù, nítorí bíríkì á wà lábẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n ojú bíríkì á pòórá, àwọn kánsù kì í sì í sábà gbà bẹ́ẹ̀ ní òpópónà tí wọ́n kà sí ogún àtijọ́. Tó bá jẹ́ inú, yàrá ló ń jẹ. Sẹ̀ntímítà mẹ́wàá kì í ṣe eré nínú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ti ń fìdí kanra tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gbọ́n ń ṣe ẹ̀yìn ilé láti ìta, wọ́n ń ṣe iwájú láti inú.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì ti mọ ìyókù ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún àkọ́kọ́, ilé náà á máa dán, wọ́n á kùn ún lọ́dà. Kò ní pẹ́, sìmẹ́ǹtì á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Tó bá tún ṣe díẹ̀, á máa já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe pé amọ̀ kò lágbára. Amọ̀ ń mu omi lásìkò òjò, ó sì ń dá a padà fún oòrùn lẹ́ẹ̀rùn. Sìmẹ́ǹtì ni kò jẹ́ kó dá ohun tó mu padà.

Ọmọ ìyá amọ̀ ni bíríkì. Amọ̀ tí wọ́n sun ni. Sìmẹ́ǹtì kọ́ ni wọ́n sì fi tò ó láyé Victoria, láìmù ni, òkúta ẹfun tí wọ́n sun níná. Ìyẹn náà ń mu omi, ó ń dá a padà. Òjò ń rin ín láti ìta, ooru inú ilé ń gbẹ ẹ́. Tí wọ́n bá wá lẹ pátákó oníke mọ́ inú rẹ̀, ooru kò dé ọ̀dọ̀ bíríkì mọ́, kò sì lè gbẹ bó ṣe ń gbẹ tẹ́lẹ̀. Èémí wa tún ń yọ́ gba ojú ihò pátákó kọjá, á lọ di omi lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Orí igi tó ki bọ inú ògiri láti gbé ilẹ̀ òkè ró á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Onílé á máa yọ̀ nínú yàrá tó móoru, kò ní mọ̀ pé ilé ń kú lẹ́yìn aṣọ.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sí ògiri ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe aṣọ rárá. Wọ́n tún ọ̀pá tó ń gbé omi òjò wálẹ̀ láti òrùlé ṣe, nítorí ó ti ń jò sára bíríkì fún ọdún púpọ̀. Wọ́n ha sìmẹ́ǹtì tí ẹnì kan ti fi dí àárín bíríkì kúrò, wọ́n fi láìmù rọ́pò rẹ̀. Wọ́n dúró kí ògiri gbẹ. Ìgbà náà ni wọ́n tó lẹ pátákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe mọ́ inú yàrá iwájú, wọ́n sì fi láìmù rẹ́ ẹ, kí ọ̀rinrin lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ráhùn pé àwọn kan ní àdúgbò kejì ti ṣe tiwọn tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò ìjọba.

Ó ti gbé ìráhùn náà mì báyìí. Ní oṣù Kẹwàá 2025, National Audit Office, àwọn tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, gbé ìròyìn wọn jáde: nínú ilé tí wọ́n wọ̀ láṣọ láti ìta lábẹ́ ètò ìjọba wọ̀nyẹn, 98 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àléébù tó gbọ́dọ̀ ní àtúnṣe. Nínú èyí tí wọ́n ṣe láti inú, 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ka ilé bí ẹni ń ka iṣu. Iye tí wọ́n parí ni wọ́n wò, kì í ṣe bí ó ṣe rí lẹ́yìn òjò.

Ilé tó bá ti wọṣọ tún gbọ́dọ̀ ní imú tuntun. Fáànù ni wọ́n ń fi ṣe é ní ilé ìdáná àti ibi ìwẹ̀, tí yóò máa fa ọ̀rinrin jáde. Àwọn onílé kan fẹ́ràn láti dá ayálégbé lẹ́bi, pàápàá àwa aláwọ̀ dúdú: ẹ̀ ń se ọbẹ̀ jù, ẹ̀ ń sá aṣọ nínú ilé. Ta ni kì í se ọbẹ̀? Ní oṣù Kejìlá 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní Rochdale nítorí ògiri tó bu nínú ilé tí àwọn òbí rẹ̀ yá gbé. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní oṣù Kẹwàá 2025: ó fún àwọn tó ń fi ilé kánsù àti ti ẹgbẹ́ aláàánú háyà ní gbèdéke ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi wá wo ọ̀rinrin àti ògiri tó bu, kí wọ́n sì tún un ṣe.

Ẹ̀rọ ló kù, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Heat pump ni ìjọba ń fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò bọ́ílà, ó sì ń fi £7,500 ran onílé lọ́wọ́ ní England àti Wales láti oṣù Kẹwàá 2023. Fìríìjì tí wọ́n yí sódì ni. Fìríìjì ń kó ooru kúrò lára ẹran, ó ń tú u sí ẹ̀yìn. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ti ilé yín. Heat pump ń kó ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta, kódà nígbà tó bá tutù, ó ń tú u sínú ilé, ẹyọ iná kan sì lè di ẹyọ ooru mẹ́ta. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kì í gbóná bíi ti bọ́ílà. Nínú ilé tó ṣì wà níhòòhò, á ṣiṣẹ́ títí, owó iná á sì gorí òrùlé. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì rà á. Wọ́n ní kí ògiri ẹ̀yìn parí ná.

Ẹni tó yá ilé gbé kò lè kan ìṣó mọ́ ògiri, ká má tíì sọ pé á wọ̀ ọ́ láṣọ. Onílé ló ni owó àtúnṣe, ayálégbé ló ń san owó gáàsì. Níbi tí ẹni tó ń jìyà kò bá ti ní àṣẹ, iṣẹ́ kì í yá. Ọ̀kan nínú ohun tí òfin fún un ni ìwé ẹ̀rí kan, tó ń fi lẹ́tà A títí dé G ṣe ìwọ̀n bí ilé ṣe ń di ooru mú. Láti oṣù Kẹrin 2020, onílé aládàáni ní England àti Wales kò gbọdọ̀ fi ilé tó wà nísàlẹ̀ E háyà, àyàfi tó bá ní àwáwí tí òfin gbà. Ọ̀fẹ́ ni wíwo ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé yín ní Peckham, ní Woolwich, ní Tottenham, ẹ gbé àkàsọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ mú rúlà dání. Tí òwú àjà yín kò bá tó sẹ̀ntímítà 27, ẹ kọ́kọ́ kó àpótí aṣọ ẹbí kúrò lórí rẹ̀ ná, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.